Ọdún Tí Wọ́n Fi Ojú Inú Wá Omi Nílé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n wá wo fíìmù àwòrán kékeré kan tí àwọn ará Japáàn ṣe. Kò gùn rárá. Kí omi tó hó lórí iná, ó ti parí. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ló wà nínú rẹ̀, irun wọn nàró ṣóńṣó bí ẹ̀gún òòrẹ̀, ojú wọn tóbi bí ọsàn. Wọn a tẹjú mọ́ òkúta, òkúta a gbéra nílẹ̀. Wọn a di ojú, wọn a mọ ohun tí ẹni tó wà ní ìlú kejì ń rò lọ́kàn. Ọmọ náà ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bi mí bóyá ó dùn mọ́ mi. Mo ní kò dùn mọ́ mi. Mo ní a ti ní irú wọn méjì rí nílé wa, ní Kétu níbí, a ò sì rí òkúta kankan tí wọ́n gbé sókè, àfi èyí tó já lu ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. N kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà.

Ilé ńlá ni ilé wa nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà kan péré la fi ń wọ̀ ọ́, àwọn yàrá sì yí àgbàlá ká bí eyín ṣe yí ahọ́n ká. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jí mi ni ìró ọlọ ìyá mi, torí ìyá mi a máa lọ ata kí ó tó fọhùn sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni igbe àwọn ẹtù tí Baálé ń sìn, lẹ́yìn náà ni ikọ́ Baálé fúnra rẹ̀, ikọ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé òun ti jí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Baálé. Ó ní àga onígi kan tí òyìnbó Faransé kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ, mo sì lérò pé ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ipò òyìnbó náà ló kù sórí àga. Ọdún kejì tí àwọn Faransé lọ, tí àsíá tuntun gòkè, ni ọdún tí mò ń sọ yìí. Kò sí ọjọ́ kan tí Baálé kò ní sọ fún wa pé a ti di òmìnira, pé ohun gbogbo yóò máa wá bá wa nílé báyìí: ọ̀nà ọ̀dà, iná, omi. Lórí àga ló ti ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú abọ́ omi tí ìyá mi ti rìn láti ìdájí lọ pọn.

Ẹni tí kò bá gbé òkè Kétu rí kò lè mọ ohun tí omi jẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa, ilẹ̀ tó lọ́ràá. Iṣu ń ta, ẹ̀pà ń so, àgbàdo ń yọmọ, ṣùgbọ́n omi jìn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ìyàwó tó bínú lọ. Nígbà òjò, a máa ń gbe omi òrùlé sínú ihò ńlá kan tí a ti fi amọ̀ rẹ́ nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ihò náà a gbẹ, àwọn obìnrin a ru ìkòkò, wọn a kọrí sí ọ̀nà abàtà. Ìyá mi a lọ ní ìdájí, a padà nígbà tí oòrùn bá ti dé àtàrí, èmi a sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú akèrègbè kékeré mi. Omi tí a bá fi wẹ̀ la fi ń fọ aṣọ, omi tí a bá fi fọ aṣọ la ń bu fún àgùntàn, àgùntàn náà a sì wò wá bí ẹni pé ojú ń tì í fún wa. Ìyá Àgbà, tó bí Baálé, tó bí bàbá mi, tó sì bí Bàbá Kékeré tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí ọmọdé bá da omi nù. Á ní, “Ẹni tó da omi nù ní Kétu, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló dà nù.” Kì í pariwo bó bá ń sọ ọ́. Á kàn wo ibi tí omi náà wọlẹ̀ sí.

Ọmọ Baálé làwọn méjèèjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìdòwú, èyí ọkùnrin, tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí ní lekólù, ilé ìwé àwọn Faransé, lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ bó ṣe ń rìn, ẹ ó rò pé ìdánwò ló fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹlisitẹ́ jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ jẹ́jẹ́, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ní ìgbà ìkórè ọdún náà, ọkùnrin onídán kan wá láti Àjàṣẹ́, ó pa ìdán fún àwọn ọmọ lekólù. Ó yọ ẹyin látinú etí ọmọ kan, ó gé okùn, ó tún un so láìfọwọ́ kàn án. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a sì lọ sílé. Ìdòwú kò lọ sílé. Ó ru àpótí ọkùnrin náà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta láti abúlé dé abúlé, títí dé Kpankou. Nígbà tó padà, ojú tó fi ń wo ènìyàn ti yí padà. Á tẹjú mọ́ iwájú orí ẹni bí ẹni ń ka ìwé níbẹ̀, ẹni tí kò lè ka ìwé tó wà lórí pátákó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a jẹ ọkà àti ọbẹ̀ ilá tán, ó dìde láàárín àgbàlá, ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé Fẹlisitẹ́ ní ojú inú. Ó fi gèlè di ojú ọmọ náà, ó gbé e jókòó sórí odó tó dojú dé, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Ó wá ń rìn kiri láàárín wa, ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, ó ń bi í pé kí ni. Ó gba ìgò aṣáà Baálé. Fẹlisitẹ́ ní ìgò aṣáà ni. Ó gba ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá mi. Fẹlisitẹ́ ní ìlẹ̀kẹ̀ ni. Mo gbọ́ bí àgùntàn ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ. Baálé dìde lórí àga rẹ̀. Mi ò tíì rí i kó dìde fún ẹnikẹ́ni rí, àfi fún fáda àti fún òjò. Ìyá Àgbà nìkan ni kò mira. Abọ́ tó ti jẹun tán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, kó wá gbà á kó lọ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kẹrin ni mo mọ àṣírí wọn. Mo ń kó igi lẹ́yìn ògiri ibi tí a ń kó àgbàdo sí, mo gbọ́ ohùn Ìdòwú nínú ibẹ̀, ó ń bá Fẹlisitẹ́ wí. Ó ní, “Mo ti sọ fún ọ. Bí mo bá ní ‘Ó yá’, aṣọ ni. Bí mo bá ní ‘Sọ fún wọn’, ohun jíjẹ ni. Bí mo bá ní ‘Wò ó dáadáa’, irin ni. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ni yóò jẹ́ kí o mọ irú èyí tó jẹ́.” Fẹlisitẹ́ ní ó ti rẹ òun, pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù. Èmi, nínú òmùgọ̀ mi, yọ orí sókè lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìdòwú kò lù mí. Ó bu ẹ̀pà yíyan kún ọwọ́ mi méjèèjì, ó ní bí mo bá pa ẹnu mọ́, ẹ̀pà kò ní wọ́n mi. Mo ti ń fi àwọn àgbàlagbà ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún náà wá, wọ́n sì yẹ fún yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí n má ṣe yọ ara mi sílẹ̀. Wọ́n gba irọ́ gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi mọ òtítọ́, mo tà á, mo gba ẹ̀pà.

Ẹ̀pà náà kò sì wọ́n mi lóòótọ́, torí kò pẹ́ tí ènìyàn fi ń wọ́ wá. Obìnrin kan pàdánù adìyẹ, wọ́n ní kó lọ wo ẹ̀yìn ilé aládùúgbò rẹ̀. Ìdòwú ti rí adìyẹ náà níbẹ̀ láàárọ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ tó lọ sí Nàìjíríà ń bọ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀, wọn ò sọ ìgbà tó ń bọ̀. Bí ẹni tó wá bá rí ohun tó ń wá, ẹ̀bùn ẹyin ni. Bí kò bá rí i, wọ́n ní ẹni tó bèèrè kò ní ọkàn mímọ́, ẹni náà a sì bẹ̀bẹ̀, a tún mú ẹyin mìíràn wá. Olùkọ́ lekólù, tó máa ń sọ fún wa ní kíláàsì pé ìgbàgbọ́ asán ló ń fa ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn, gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Baálé a jókòó sórí àga, a máa yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Ó ti rí iṣẹ́ tí àga náà wà fún wàyí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le ju èyí tí ẹnikẹ́ni nílé wa ti rí lọ. Ọyẹ́ fẹ́ títí ètè wa fi là. Abàtà fà sẹ́yìn, ọ̀nà ìyá mi sì gùn sí i. Baálé pinnu pé a ó gbẹ́ kànga sínú àgbàlá. Ó ránṣẹ́ sí agbẹ́kànga kan ní Kpankou, ọkùnrin kúkúrú kan tí èékánná rẹ̀ pupa bí ilẹ̀. Ọkùnrin náà rìn yí ilé ká, ó bu ilẹ̀ tọ́ wò, ó ní òun kò ní gbẹ́ ẹ. Ó ní omi tó wà níbí jìn ju okùn èyíkéyìí tí òun ní lọ, àti pé ilẹ̀ tí òun kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun kì í wọ̀ ọ́. Baálé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tìrònú-tìrònú. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde, Baálé yíjú sí Fẹlisitẹ́.

Mo wà níbẹ̀. Kò sí “Ó yá” tàbí “Wò ó dáadáa” tó lè pe omi tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ìdòwú ti di ẹni ńlá ju kó sọ pé òun kò mọ̀ lọ. Ó di gèlè mọ́ ojú àbúrò rẹ̀, ó ní kó rìn. Fẹlisitẹ́ rìn láàárín àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ níwájú bí afọ́jú, gbogbo ilé sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tẹ̀ lé òkú. Ó dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Baálé kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó fi igi sàmì síbẹ̀.

Nítorí pé agbẹ́kànga kọ̀, àwọn ọkùnrin ilé wa fúnra wọn ló gbẹ́ ẹ. Bàbá Kékeré ló ń wọ inú ihò. Òun ló kéré jù, òun ló sì lágbára jù. Ó ti fẹ́ ọmọbìnrin kan sọ́nà ní Odòmẹ́ta, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó sí ìgbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀. Ó máa ń kọrin nínú ihò, orin rẹ̀ sì ń jìn sí i lójoojúmọ́, títí ó fi dà bí orin ẹni tó wà nílé kejì. Bàbá mi àti ọkùnrin kan ń fi okùn fa agbọ̀n erùpẹ̀ sókè. Ilẹ̀ pupa jáde, ilẹ̀ funfun jáde, òkúta jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kò jáde. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Baálé a bi Fẹlisitẹ́ pé ó kù mélòó, Ìdòwú a sì dáhùn fún un pé ó ku nínà apá méje. Bí wọ́n bá gbẹ́ apá méje tán, ó tún ku apá méje. Fẹlisitẹ́ kò jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá sọ fún wọn, ṣé wàá jẹ́rìí sí mi?” Mo ní Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú yóò lù wá. Ó wò mí díẹ̀, ó bá mi ṣa ẹ̀wà náà tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán gangan ni okùn já. Agbọ̀n náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, òkúta ńlá kan wà nínú rẹ̀. A gbọ́ ìró rẹ̀ bó ti ń lu ògiri ihò lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà orin dákẹ́. Bàbá mi pe orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú ihò. Ó tún pè é. Àwọn obìnrin sá jáde láti ibi ìdáná, àwọn kan ti ń káwọ́ lérí. Wọ́n ń wá okùn mìíràn, kò sì sí okùn tó gùn tó, wọ́n ń so okùn pọ̀. Ìyá Àgbà jáde wá. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ la àárín àwọn ènìyàn kọjá, kò lọ sí ẹnu ihò, Fẹlisitẹ́ ló lọ bá níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Ìwọ tó ń ríran. Wo inú ihò yìí, kí o sọ fún mi bóyá ọmọ mi ṣì ń mí.”

Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pé ó ń mí, pé òun rí i. Ìyá Àgbà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fẹlisitẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, “Ìyá, mi ò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan rí.”

Baálé bi í, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé, pé kí ló dé tó fi mú wọn lọ sábẹ́ igi ọsàn. Fẹlisitẹ́ ní, “Ibòòji wà níbẹ̀, Baba. Mo rò pé oòrùn kò ní pa yín.”

Bàbá mi ló sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Bàbá Kékeré ṣì ń mí. Òkúta náà ti bà lé itan àti orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, egungun ti rún síbẹ̀. Ẹni tó ń to egungun ṣe ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò nà mọ́ títí ayé rẹ̀. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, àwọn ará Odòmẹ́ta ránṣẹ́ wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, wọ́n ní ọmọ àwọn kò lè máa pọn omi kó tún máa roko. Kò sí ẹni tó bínú sí wọn. Ohun tó bí mi nínú títí di òní ni Baálé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé, ó jẹ́wọ́, Baálé sì kọ̀ láti gba ìjẹ́wọ́ náà. Ó ní ojú inú náà wà tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀rù ló fọ́ ọ. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò títí ó fi kú. Ó rọrùn fún un kó ní ọmọ tó ríran tẹ́lẹ̀ ju kó jẹ́ baba tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fi gèlè dì lójú. Ìdòwú sọdá sí Nàìjíríà kó tó di ìgbà iṣu tuntun. Mo gbọ́ pé ó di wòlíì níbẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń kúnlẹ̀ fún un. Kò yà mí lẹ́nu. Ibi tí òùngbẹ bá wà, ẹni tó máa júwe kànga kì í wọ́n. Fẹlisitẹ́ lọ́kọ sí Pòbẹ̀, ó sì di ẹni tí kì í sọ bóyá òjò máa rọ̀, kódà bí òjò bá ti ń kán sí i lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí okùn já, ìyá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí pẹ́, ó sì gbé akèrègbè mi lé mi lọ́wọ́, torí ìkòkò ti gbẹ, ẹni tó fara pa sì ń fẹ́ omi.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé kọjá kí n tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti bímọ, mo ti sin ìyá mi, kí n tó lọ bá Bàbá Kékeré níbi tó ti ń hun ẹní, iṣẹ́ tó fi rọ́pò oko. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ojú fèrèsé, ẹ̀pà, ohun tí Fẹlisitẹ́ bèèrè lọ́wọ́ mi àti ìdáhùn tí mo fún un. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ta ni kò mọ̀? Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé bí Ìdòwú bá ti sọ ‘Ó yá’, aṣọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wọ inú ihò nígbà náà. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí agbẹ́kànga kọ̀, òun ń bọ̀ láti oko, òun rí ìyá mi lójú ọ̀nà abàtà. Ó ti ṣubú, ìkòkò rẹ̀ sì ti fọ́. Kò sunkún. Ó jókòó sínú eruku, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹrẹ̀ jọ sínú àpáàdì ìkòkò náà.

Ó ní, “Mi ò jẹ́ kó rí mi. Mo gba inú igbó kọjá. Mo ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ wò.”

Ó ní kí n bá òun di etí ẹní náà mú kó má bàa wọ́. Mo dì í mú.